Ògiri Tí Ó Lanu: Omi Òkun àti Ààbò Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Ọdún 793 sí Ọdún 1457

Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó wà níjòókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ́ àtúnṣe sí ohun tí èmi fúnra mi ti fi ẹnu ara mi kọ́ni fún ọdún pípẹ́. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ ní gbangba, ní gbangba náà ni ó yẹ kí ó ti tún un sọ.

Gbogbo àwa tí a ka ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ pé erékùṣù ni ilẹ̀ náà, pé omi òkun yí i ká bí ògiri ti í yí àgbàlá ká, àti pé ọkọ̀ ogun ni ó ń ṣọ́ ògiri náà. Ó rọrùn fún wa láti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, nítorí pé láti orí omi ni agbára Gẹ̀ẹ́sì ti kàn wá lára. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn rọ̀jò ọta lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sí ipò. Ẹni tí a bá rí tí ó fi omi ṣe ọ̀nà lọ bá ẹlòmíràn, a máa ń rò pé kò sí ẹni tí ó lè gba orí omi kan náà wá bá òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé, fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, etí òkun Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ẹlòmíràn ń dáná sun.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ọba Alfred ṣe kan ọkọ̀ ogun, mo sì ń pè é ní baba àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ èmi náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ta ni ó ń bọ́ àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì ń bá ẹ̀kọ́ mi lọ. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé n kò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ìdáhùn mi.

1. Ọ̀nà ni òkun jẹ́

Ní ọdún 793, àwọn ajagun láti ilẹ̀ àríwá, àwọn tí a ń pè ní Viking, gúnlẹ̀ sí erékùṣù Lindisfarne ní Northumbria. Ilé àwọn mọ́ńkì ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti yan erékùṣù náà nítorí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi bá kún, ọ̀nà ilẹ̀ a pòórá, ayé a sì jìnnà sí wọn. Àwọn àlejò náà pa nínú wọn, wọ́n kó nínú wọn lẹ́rú, wọ́n sì kó ìṣúra ilé Ọlọ́run lọ. Alcuin, ọ̀mọ̀wé ará Northumbria tí ó ń gbé ní ààfin Charlemagne, kọ lẹ́tà sílé pẹ̀lú ìyanu: kò sí ẹni tí ó ti rò ó rí pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ lè ti ojú òkun wá.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ Alcuin wò. Àwọn ènìyàn náà kò fi ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí etí òkun nítorí àìgbọ́n. Wọ́n gbà pé òkun ni òpin ayé wọn. Fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ó gùn, tí ó fúyẹ́, tí ó ní ìgbòkun àti àjẹ̀ pọ̀, tí ó sì lè wọ inú odò tí kò jìn, òkun kì í ṣe òpin ohunkóhun. Ọ̀nà tí ó yá ju ọ̀nà igbó lọ ni. Ní ọdún 865, àwọn ará Denmark kó ogun ńlá wá, kì í ṣe láti jalè kí wọ́n sì padà mọ́, bí kò ṣe láti jókòó. Northumbria, East Anglia àti Mercia bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wessex nìkan ni ó kù.

2. Alfred àti ọkọ̀ rẹ̀

Alfred jọba Wessex ní ọdún 871. Ní ọdún 875 ó wọ ọkọ̀ lọ sójú omi, ó bá ọkọ̀ 7 jà, ó gba 1, àwọn ìyókù sì sá lọ. Ní ọdún 877, ìjì ni ó bá a jà, nítorí pé ìjì fọ́ ọkọ̀ 120 tí ó jẹ́ ti àwọn ará Denmark nítòsí Swanage. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 878 àwọn ọ̀tá gba orí ilẹ̀ wọ Chippenham, ọba fúnra rẹ̀ sì sá sínú àbàtà Athelney kí ó tó jáde láti ṣẹ́gun wọn ní Edington.

Ọdún 896 ni àwọn ọkọ̀ tí mo máa ń fi yangàn jáde. Ìwé Ìtàn Ọdọọdún àwọn Anglo-Saxon sọ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ní ìlọ́po méjì ti àwọn ọ̀tá. Àwọn kan ní àjẹ̀ 60, àwọn mìíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba kò wo àwòṣe ti Frisia tàbí ti Denmark. Bí ó ti rò pé yóò wúlò jù lọ ni ó ṣe kàn wọ́n. Ní ọdún yẹn, ọkọ̀ 6 àwọn ará Denmark wá ń yọ etí òkun gúúsù lẹ́nu. Ọba rán 9 nínú àwọn ọkọ̀ tuntun náà, wọ́n sì dí ẹnu odò mọ́ àwọn ọ̀tá. Wọ́n gba ọkọ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni omi òkun fà sẹ́yìn, gbogbo ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rì mọ́ iyanrìn, 3 ní apá ibi tí àwọn ọ̀tá wà, 6 ní òdìkejì, tí àwọn 6 kò fi lè ran àwọn 3 lọ́wọ́. Àwọn ará Denmark fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ bá àwọn 3 náà jà. Ènìyàn 62 kú nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Frisia tí ó bá wọn ṣiṣẹ́. 120 kú nínú àwọn ọ̀tá. Nígbà tí omi padà dé, ọkọ̀ kékeré ni ó kọ́kọ́ léfòó. Àwọn ọ̀tá tu ọkọ̀ wọn, wọ́n sì lọ. Ìjì àti ọgbẹ́ ni ó dá méjì nínú wọn sí etí òkun Sussex, níbi tí a ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọba ní Winchester láti so wọ́n kọ́.

N kò sọ èyí láti fi Alfred ṣe ẹlẹ́yà. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun tí ó gba Wessex là kò sí nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Alfred mọ odi sí bí ìlú 30 káàkiri ilẹ̀ rẹ̀, ó sì pín àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: bí ìdajì bá wà lójú ogun, ìdajì yóò wà nílé lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹ kíyè sí èyí. Ọba náà mọ̀ pé ẹni tí ó ń jagun àti ẹni tí ó ń kórè jẹ́ ẹnì kan náà, àti pé bí a kò bá jẹ́ kí ó kórè, kò ní lè jagun. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí, Alfred ti bi ara rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

3. Ọkọ̀ púpọ̀, ìfọkàntán díẹ̀

Bí ọkọ̀ púpọ̀ bá lè gba ìlú là, ìgbà ayé ọba Æthelred ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìbá fọkàn balẹ̀ jù lọ. Ní ọdún 991, lẹ́yìn ogun Maldon, ó san ìwọ̀n fàdákà 10,000 pọ́n-ùn fún àwọn ará Denmark kí wọ́n lè lọ. Wọ́n lọ, wọ́n sì padà, nítorí pé ẹni tí a san owó fún kí ó má jà ti mọ ibi tí owó wà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1012, iye náà ti di 48,000. Títí di òní, owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ìgbà náà tí a hú jáde láti inú ilẹ̀ ní Scandinavia pọ̀ ju èyí tí a rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ní ọdún 1008, ọba pàṣẹ pé kí gbogbo ilẹ̀ náà kan ọkọ̀. Wọ́n fi híìdì ka ilẹ̀, èyí tí í ṣe ìwọ̀n oko tí ó tó bọ́ ìdílé kan. Híìdì 310 yóò pèsè ọkọ̀ ogun 1. Híìdì 8 yóò pèsè ìbòrí irin àti ẹ̀wù irin. Ní ọdún 1009 àwọn ọkọ̀ náà péjọ sí Sandwich, wọ́n sì pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni tí ì rí rí lábẹ́ ọba kankan. Àgbájọ ọwọ́ gbogbo ìlú ni.

Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Brihtric fi ẹ̀sùn kan ìjòyè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Wulfnoth, lọ́dọ̀ ọba. Wulfnoth kò dúró gba ìdájọ́. Ó tan ọkọ̀ 20 lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n ja etí òkun ìlú tirẹ̀ lólè. Brihtric fi ọkọ̀ 80 lé e, ó ń lérí pé bí òun kò mú un láàyè, òun yóò mú un lókùú. Ìjì dìde, ó gbá ọkọ̀ 80 náà lu etíkun. Wulfnoth yọ sí wọn níbẹ̀, ó sì dáná sun wọ́n. Nígbà tí ìròyìn dé Sandwich, ọba gba ilé lọ, àwọn ìjòyè gba ilé lọ. Àwọn atukọ̀ ni ó tu ọkọ̀ tí ó kù padà sí London. Ẹni tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ọdọọdún kò lè pa ìbànújẹ́ rẹ̀ mọ́ra: làálàá gbogbo ènìyàn ni àwọn olórí fi ṣòfò báyìí. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ogun ńlá tí Thorkell kó wá gúnlẹ̀ sí Sandwich náà gan-an, kò sì sí ẹni tí ó dá a lọ́nà. Ní ọdún 1016, Cnut ará Denmark ni ó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

4. Ogún ọjọ́ péré

Àwọn ọba tí ó tẹ̀ lé e ń fi owó òde bọ́ ọkọ̀ ogun tí ó wà lójúfò nígbà gbogbo. Ní ọdún 1050, ọba Edward dá ọkọ̀ 9 sílẹ̀ nínú 14. Ní ọdún 1051 ó dá 5 tí ó kù sílẹ̀, ó sì fagi lé owó òde náà, èyí tí ó ti ń ni àwọn ènìyàn lára fún ọdún 39. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Àwọn tí ó ń san owó náà mọ bí ó ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n ẹrù tí a bá sọ̀ kalẹ̀ kì í pòórá. Ẹlòmíràn ni yóò rù ú.

Harold ni ó rù ú. Ní ọdún 1066, ó mọ̀ dájúdájú pé William ti Normandy ń bọ̀. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Harold sì gbọ́n. Ó kó ọkọ̀ àti ọmọ-ogun jọ, ó fi ọkọ̀ dúró sí Erékùṣù Wight, ó fi ọmọ-ogun sí gbogbo etí òkun gúúsù, wọ́n sì ń ṣọ́nà ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. William kò wá. Afẹ́fẹ́ àríwá dá a dúró ní òdìkejì.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, oúnjẹ tán. Kò sí ogun tí ó ṣẹ́gun wọn, kò sí ọ̀dàlẹ̀ láàárín wọn, ọkọ̀ wọn kò fọ́. Oúnjẹ ni ó tán, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn dúró mọ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Harold jẹ́ kí àwọn ènìyàn náà lọ sílé, ó sì rán àwọn ọkọ̀ lọ sí London. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ṣègbé kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Láàárín oṣù náà, afẹ́fẹ́ àríwá tí ó dá William dúró gbé Harald Hardrada, ọba Norway, wá sí Yorkshire pẹ̀lú bí ọkọ̀ 300. Harold sáré lọ sí òkè, bí ìrìn máìlì 190, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Stamford Bridge ní ọjọ́ 25. Ọkọ̀ 24 péré ni ó tó láti kó àwọn tí ó ṣẹ́kù padà sílé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, William gúnlẹ̀ sí Pevensey. Ìtàn kò sọ fún wa pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kankan dá a lọ́nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, Harold kú ní Hastings.

Ẹ bá mi kà á: láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 28, ogún ọjọ́ ni. N kò lè sọ pé bí oúnjẹ bá tó ogún ọjọ́ sí i, William ìbá pòfo. Òpìtàn kì í ṣe babaláwo. Ohun tí mo lè sọ ni pé ògiri Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún yẹn ga tó bí oúnjẹ inú àpò ti pọ̀ tó. Nígbà tí àpò ṣófo, ògiri wó.

5. Sandwich, ọdún 1217

Lẹ́yìn tí ọba John pàdánù Normandy ní ọdún 1204, etí òkun Faransé tí ó dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì di ti ọ̀tá. Ní ọdún 1213, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ba ọkọ̀ ọba Faransé jẹ́ púpọ̀ ní Damme kí wọ́n tó gbéra. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìjòyè bá John jà nítorí ìwé àdéhùn ọdún 1215, àwọn fúnra wọn ni ó ránṣẹ́ pe Louis, ọmọ ọba Faransé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìjì tú ọkọ̀ John ká, Louis sì gúnlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1216. John kú ní oṣù Kẹwàá, ó fi ìjọba sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1217, ọkọ̀ tí ó kó ìrànlọ́wọ́ fún Louis ń bọ̀ láti Calais. Eustace tí wọ́n ń pè ní Mọ́ńkì ni ó ń darí wọn, ẹni tí ó ti sin John rí. Hubert de Burgh tu ọkọ̀ jáde láti Sandwich. Kò kọlù wọ́n ní iwájú. Ó ṣe bí ẹni pé Calais ni òun ń lọ, ó kọjá wọn, ó sì yí padà nígbà tí afẹ́fẹ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọfà, tí wọ́n sì ń da ìyẹ̀fun ẹfun tí a ti sun nínú iná sínú afẹ́fẹ́, tí ó ń lọ sí ojú àwọn Faransé. Ẹrù ti wúwo jù nínú ọkọ̀ Eustace. Wọ́n gbá a mú, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni Louis gbà láti lọ sílé. Apá kan ìkógun náà ni wọ́n fi dá ilé ìtọ́jú aláìní sílẹ̀ ní Sandwich ní orúkọ Bátólómíù Mímọ́, nítorí pé ọjọ́ ọdún rẹ̀ ni ìjà náà bọ́ sí.

Ta ni ó ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn ìlú etí òkun: Hastings, Romney, Hythe, Dover àti Sandwich, tí a ń pè ní Èbúté Márùn-ún. Àdéhùn wọn pẹ̀lú ọba ni pé wọn yóò pèsè ọkọ̀ 57 fún ọjọ́ 15 lọ́dún lórí owó ara wọn. Ọba sì fún wọn ní òmìnira kúrò nínú owó òde kan, àti ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́ ara wọn. Ọkọ̀ ẹja àti ọkọ̀ òwò ni wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, bí ọba bá tún ń fẹ́ wọn, ọba ni yóò sanwó. Ìdáhùn kejì sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí.

6. Ìṣẹ́gun ńlá, ìlú tí ń jóná

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1338, àwọn Faransé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dáná sun Southampton. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1340, ọba Edward Kẹta bá ọkọ̀ Faransé tí ó lé ní 200 ní Sluys, ó sì run wọ́n. Ìṣẹ́gun ńlá ni, mo sì ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ nínú ìdánwò lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí n kò bi wọ́n ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1360 àwọn Faransé kọlu Winchelsea. Ní ọdún 1377 wọ́n sun Rye, wọ́n sì bo Erékùṣù Wight mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí ọba fi ń jà jẹ́ ti àwọn oníṣòwò, tí a gbẹ́sẹ̀ lé. Wọ́n a máa dúró ní èbúté fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìṣòwò, láìgbowó, títí àwọn aṣojú ìlú fi ń kígbe nínú ìgbìmọ̀ pé èyí ń pa iṣẹ́ ọkọ̀ run.

Henry Karùn-ún gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó lé ní 30, ó sì kan Grace Dieu, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ ní ìgbà náà. Ó kú ní ọdún 1422. Àwọn tí ó ń ṣàkóso fún ọmọ rẹ̀ ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn láti fi san gbèsè. Àrá sun Grace Dieu níbi tí wọ́n so ó mọ́ lójú odò Hamble ní ọdún 1439. Egungun rẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1457, àwọn Faransé wọ Sandwich, ìlú tí Hubert ti tu ọkọ̀ jáde, wọ́n kó o, wọ́n sì sun ún.

7. Ìparí ọ̀rọ̀

Mo ti ń kọ́ni pé òkun ni ó dáàbò bo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé Alfred ni baba ààbò náà. Mo fa ọ̀rọ̀ náà padà. Òkun kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ni, gbogbo ẹsẹ̀ ni ó sì ń gbà á. Ọkọ̀ náà kò tó fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1009 ọkọ̀ pọ̀, ìfọkàntán kò sí. Ní ọdún 1066 ìfọkàntán wà, oúnjẹ kò tó. Lẹ́yìn ọdún 1422, ohun tí ọba kan kó jọ ni àwọn tí ó tẹ̀ lé e tú ká. Ní ọdún 1217 nìkan, nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo mú wá, ni ọkọ̀, olórí, àti àwọn ìlú tí ó ni ọkọ̀ náà fi ohùn ṣọ̀kan ní ọjọ́ tí ó yẹ, tí afẹ́fẹ́ sì gbè wọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ogun, ilẹ̀ yòówù kí ó jẹ́, ẹ má jẹ́ kí a dúró lórí orúkọ ọba àti iye ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó gbin ọkà, ẹni tí ó ni ọkọ̀, ẹni tí ó san owó òde, àti ẹni tí ilé rẹ̀ jóná nígbà tí owó náà kò débi tí ó yẹ. N kò mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí léèrè wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Bí ó bá wà, kí ó gbà pé ìdáhùn pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé: àgbẹ̀ ni ó ń bọ́ wọn, àti apẹja, àti oníṣòwò, nígbà tí olórí bá sì gbàgbé wọn, kò sí ògiri mọ́.